Láti CMS dé Tarkwa Bay ní Kùtùkùtù Ọjọ́ Tí Afẹ́fẹ́ Ń Fẹ́

Ní Èkó, òwúrọ̀ kùtù ni ojú omi sábà máa ń tẹ́ jù. Ilẹ̀ ti tutù lóru, afẹ́fẹ́ òkun ò sì tíì jí. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí agogo 10 sí 11, oòrùn á ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, á sì máa le sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá dé èbúté lágogo mẹ́fà àbọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń gbọn àsíá pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún yín nípa àbọ̀ ju àlọ lọ. Èyí tí ẹ rí yẹn ni èyí tó rọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo omi nígbà tí wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń sọ pé kò burú, tí wọn ò sì ronú kan bí ó ṣe máa rí lágogo méjì ọ̀sán tí wọ́n bá ń kó ọmọ padà wálé.

Àwọn tó ń háyà ọkọ̀ fáíbà kékeré, tí kò ní ìbòrí, tí wọ́n fi ń gbé mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ lọ sí etíkun ní ọjọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ ìsinmi, ni mo kọ èyí fún. Ọ̀nà tó lọ láti èbúté CMS ní Erékùṣù Èkó dé etíkun Tarkwa Bay ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé òun ni ọ̀pọ̀ ń gbà, ó sì ní gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ lè fi dán èèyàn wò: ọkọ̀ ńláńlá, omi tó ń sáré, àti ẹnu òkun gan-an.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa lálẹ́ kò ní máa bá awakọ̀ jiyàn láàárọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo afẹ́fẹ́. Àjọ NiMet máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, Windy náà sì wà lórí fóònù, tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe máa fẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ má wo ti agogo 7 àárọ̀ nìkan. Ẹ wo ti agogo 12 àti agogo 3. Bí kò bá ju kìlómítà 15 ní wákàtí kan lọ títí di ọ̀sán, ẹ máa palẹ̀ mọ́. Láàárín 15 sí 25, ẹ lè lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tètè padà, ẹ má sì gbé ọmọ ọwọ́. Bó bá ti kọjá 25, èmi kì í gbé ọmọdé kankan lọ. Bó bá kan 30, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú. Ọkọ̀ kékeré tí kò ní ìbòrí kò ní iṣẹ́ kankan lójú omi lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀tì ni àwọn ojú ìwé kan fi ń wọn afẹ́fẹ́. Nọ́ọ̀tì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì, nítorí náà, ẹ fi méjì sọ nọ́nbà náà di púpọ̀, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ wo nọ́nbà kejì tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe lè dédé fẹ́ lójijì tó. Ìyẹn ni kí ẹ fi ṣe ìpinnu.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo omi fúnra rẹ̀, bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Ohun tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ etí omi kì í kà sí rèé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀gá. Gbogbo omi tí odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò kéékèèké ń dà sínú ọ̀sà, ẹnu kan ṣoṣo ló ń gbà já sí òkun ní Èkó, láàárín àwọn ògiri òkúta méjì tí wọ́n kó sínú omi láyé ìjọba àwọn òyìnbó kí ọkọ̀ ńlá lè rọ́nà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn ni Tarkwa Bay wà. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, òkun á máa wọlé. Fún wákàtí mẹ́fà mìíràn, omi á máa jáde. Afẹ́fẹ́ ní tiẹ̀ ń wọlé láti òkun ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá jọ ń wọlé, wọ́n á máa bá ara wọn rìn, ìgbì á gùn, á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń jáde tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, àwọn méjèèjì á forí gbárí. Ìgbì á dìde gogoro, á sún mọ́ra, ọkọ̀ ò sì ní tíì bọ́ nínú ọ̀kan tí òmíràn á fi dé. Afẹ́fẹ́ kan náà, lójú omi kan náà, lè rọrùn lágogo mẹ́jọ kó sì di ẹ̀rù lágogo mọ́kànlá, kìkì nítorí pé omi yípadà.

Ọjọ́ tó dáa jù fún ìrìn yìí ni ọjọ́ tí omi bá fà tán ní nǹkan bí agogo 5 sí 6 ìdájí. Láti ìgbà náà títí di ọ̀sán, ńṣe ni omi á máa wọlé. Ẹ lè lọ, ẹ lè ṣeré, ẹ lè padà kí afẹ́fẹ́ àti omi tó dojú kọ ara wọn. Àkókò tí omi ń yípadà máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú sún síwájú lójoojúmọ́, nítorí náà èyí tó bá yín lára mu ní Sátidé yìí kò ní rí bẹ́ẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ gbé ojú sókè wo òṣùpá pẹ̀lú: bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá yọ rìbìtì, omi á sáré ju ti ìgbà mìíràn lọ. Bó bá sì jẹ́ oṣù September tàbí October, tí òjò ti kún odò, omi tó ń jáde á tún lágbára sí i.

Òjò ló kàn. Láti March sí May, àti láti September títí wọ inú November, ìjì òjò máa ń dé lójijì láti ìlà oòrùn. Màá padà sórí ìyẹn. Ní July àti August, afẹ́fẹ́ òkun máa ń le kódà bí òjò ò bá rọ̀, ojú ọjọ́ á kàn ṣú gọ̀gọ̀, ìgbì á sì máa wú láti ọ̀nà jíjìn. Ní December sí January, ọyẹ́ àti kùrukùru ni ìṣòro. Bí ẹ ò bá rí òdìkejì omi kedere, ẹ jókòó sí èbúté kí oòrùn lé e lọ. Kò sí ohun mìíràn láti fi kún ìyẹn.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ àkókò tí ẹ máa kúrò, ibi tí ẹ ń lọ, orúkọ èbúté, àti àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ ti padà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà nílé. Ẹ sọ fún un pé bí òun ò bá gbúròó yín ní wákàtí kan lẹ́yìn àkókò náà, kó pe 767 tàbí 112.

Lójú èbúté

Ẹ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àmọ́ ẹ má wọkọ̀ títí ẹ ó fi rí omi dáadáa. Oòrùn Èkó kì í sábà yọ ṣáájú agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní January ó lè tó agogo méje. LASWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi ní Èkó, ti fòfin de ìrìn ọkọ̀ èrò lóru, ó sì nídìí: ìtì igi, koríko ojú omi àti òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ wà káàkiri, ọkọ̀ tó ń sáré kì í rí wọn nínú òkùnkùn.

Ẹ dúró wo omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú omi bá kàn ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí nǹkan. Bí orí ìgbì bá ti ń hó funfun níbì kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ti wọ kìlómítà 15 sí 20. Bó bá hó funfun káàkiri ibi tí ojú yín ká, tí ẹ sì wà nínú omi tí ilé àti afárá ṣì ń bò, ẹ mọ̀ pé ẹnu òkun níwájú burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo koríko tó ń léfòó láti mọ ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹ wo àsíá tàbí èéfín láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí. Bí wọ́n bá dojú kọ ara wọn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó bá pàdé.

Ẹ bá awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀hún dé sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tó fẹ́ gbé yín nìkan. Ẹ kí i dáadáa: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹnu òkun ṣe rí láàárọ̀ yìí? Ìgbà wo ni omi máa yí?” Àwọn èèyàn yìí mọ omi yẹn bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé baba rẹ̀, inú wọn á sì dùn pé ẹnì kan bi wọ́n léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Bí àgbà awakọ̀ bá ní kí ẹ mú sùúrù, ẹ mú sùúrù. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú pé kí ẹ lọ, tó wá ní kí ẹ má lọ, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ọkọ̀ wá kàn. Ẹ wo inú rẹ̀: omi wo ló wà nísàlẹ̀, ṣé ti òjò ni àbí ibì kan ń jò? Ṣé ohun ìgbọ́nmi wà? Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé ìdajì rẹ̀ tó. Ṣé ìdákọ̀ró wà, pẹ̀lú okùn tó gùn? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò ní ìdákọ̀ró rárá, bẹ́ẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó lè dá yín dúró nìyẹn bí ẹ́ńjìnnì bá kú nítòsí òkúta. Ṣé àjẹ̀ wà? Ẹ bèèrè epo: ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn àfi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bá ìgbì jà máa ń mu epo ju ti ojoojúmọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu sí i kí ẹ tó kúrò. Okùn pupa kékeré kan wà tó máa ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí itan awakọ̀, tó jẹ́ pé bí awakọ̀ bá ṣubú, ẹ́ńjìnnì á pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kó so ó mọ́ra. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ìgbì gbọn awakọ̀ rẹ̀ dà sómi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, á máa yípo ni, á sì lè padà wá sórí ẹni tó wà nínú omi.

Bí ọtí bá ń run lẹ́nu awakọ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi èrò méjì kún iye tí ọkọ̀ ń gbà, ẹ kọ̀. Lọ́jọ́ afẹ́fẹ́, èmi a tiẹ̀ máa dín iye náà kù: ọkọ̀ tó ń gbé mẹ́wàá, ẹ kó méje wọ̀ ọ́, kí etí rẹ̀ lè ga sí omi.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì

Gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, àgbà àti ọmọdé, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń há fún èrò ti gbó, fóòmù inú rẹ̀ ti fún pọ̀ bíi bisikíìtì tó rin. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti le gbandi, tàbí tó ti ya, tàbí tí ìdè rẹ̀ kò dè mọ́, ẹ bèèrè òmíràn. Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì sókè, kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú kó fà á. Bó bá gòkè dé etí yín, ó ti tóbi jù tàbí kò fún tó. Inú omi ni yóò ti bọ́ lórí yín.

Ti ọmọdé ṣe pàtàkì jù, òun ni èbúté kì í sì ní. Jákẹ́ẹ̀tì àgbà lára ọmọ ọdún márùn-ún burú, ọmọ á yọ́ gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ sómi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún pàápàá, ẹ ra tirẹ̀ fún un, èyí tó ní okùn tó ń gba abẹ́ itan rẹ̀ kọjá. Ẹ so fèrè kékeré mọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fun ún.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi orí gbá etí ọkọ̀ nígbà tó ń ṣubú kò ní rántí pé òun mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ìjókòó àti ẹrù

Iwájú ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń dù torí pé ibẹ̀ dùn ún ya fọ́tò. Lọ́jọ́ ìgbì, ibẹ̀ ló burú jù. Iwájú ló ń fò sókè tó sì ń já lulẹ̀ gbì, eegun ẹ̀yìn ló sì ń gba gbogbo rẹ̀. Aláboyún kò yẹ kó wọ ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ afẹ́fẹ́ rárá. Àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ fi wọ́n sí àárín sún mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó sanra àti ẹrù tó wúwo, ẹ pín wọn sí ọ̀tún àti òsì kí ọkọ̀ má baà wọ́. Kúlà oúnjẹ, ilẹ̀ ni kó wà, kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ń wọlé, ẹ tẹ àárín ọkọ̀, ẹ tẹ̀ ba, ọwọ́ kan kó máa di nǹkan mú nígbà gbogbo. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ dìde mọ́, àní bí fìlà bá fò lọ.

Nínú àpò kan, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí: fóònù méjì tó ní iná kíkún, tí ẹ fi ọ̀rá tó dè dáadáa wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tọ́ọ̀ṣì, omi mímu, aṣọ gbígbẹ fún ọmọdé, àti aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Omi tó ń ta sí ara pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àárọ̀ máa ń mú ọmọdé gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, pàápàá ní July sí September tí òkun fúnra rẹ̀ tutù. Ẹni tó máa ń bì, kó jẹun díẹ̀ kó tó kúrò nílé, kó má jẹ ohun olóròóró, kó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀ tó jìnnà, kó má wo fóònù.

Lójú ọ̀nà

Láti CMS lọ sísàlẹ̀, omi á kọ́kọ́ rọ̀ torí pé ilé ń bò ó. Kò yẹ kí èyí tàn yín jẹ. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, afẹ́fẹ́ á kọlù yín níwájú, lápá ọ̀tún díẹ̀.

Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gba ìgbì, kì í sì í fi imú rẹ̀ gbá a tààrà. Ńṣe ló máa ń dágẹ̀ẹ́rẹ́ gbà á, á dín iná ẹ́ńjìnnì kù bí ìgbì bá dé, á sì fi kún un díẹ̀ bí ó bá ti gùn ún tán. Bó bá ń sáré lọ gbuurugbu tí ọkọ̀ ń fò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín, ẹni tó dàgbà jù, sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ọ̀gá, ẹ bá wa rọra. A ò kánjú.” Bí gbogbo èèyàn bá pariwo lé e lórí, ọkàn rẹ̀ á kúrò lára ìgbì.

Ní ti ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Àpápá tàbí Tin Can, ẹ mọ̀ pé kò lè dúró, kò sì lè yà fún yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbà kọjá, kì í ṣe iwájú, kí ẹ sì dúró de ìgbì tó ń fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sún mọ́ àwọn ògiri òkúta ẹnu òkun. Ìgbì tó bá lu òkúta máa ń ta padà, yóò pàdé èyí tó ń bọ̀, omi ibẹ̀ á sì máa fò láìsí ìlànà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín pé kí ẹ yọjú sí òkun gbalasa díẹ̀ kí ẹ lè ya fọ́tò. Inú Tarkwa Bay ni ẹ ń lọ, ibẹ̀ sì ní ààbò.

Bí ìjì bá dé

Ẹ máa wo ìlà oòrùn. Ìkùukùu dúdú tó tò gbọọrọ bí ògiri, afẹ́fẹ́ tó dédé dákẹ́, lẹ́yìn náà tí atẹ́gùn tútù kan kọjá: ẹ ò ní àkókò púpọ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ á yí padà pátápátá, ibi tó ti ń bò yín tẹ́lẹ̀ lè di ibi tó ń gbé yín lu òkúta. Bí ẹ bá wà ní etíkun, ẹ dúró síbẹ̀. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́ púpọ̀ kí agbára rẹ̀ tó rọ̀, òjò lásán ló máa kù. Bí ẹ bá ti wà lójú omi, ẹ sáré sí etí ilẹ̀ tó sún mọ́ yín jù, kì í ṣe ibi tí ẹ ti sanwó ọkọ̀ sí. Bí kò bá sí àyè, kí awakọ̀ kọ imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, kó máa fi iná díẹ̀ di ara rẹ̀ mú. Kí gbogbo èèyàn kúrò lórí pákó ìjókòó, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹlẹbẹ, kí àwọn méjì máa gbọ́n omi.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìdákọ̀ró ni àkọ́kọ́, àtúnṣe ni ìkejì. Ẹ dá ọkọ̀ ró láti imú rẹ̀, ẹ má ṣe so okùn mọ́ ìdí, nítorí ìgbì á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ gbé aṣọ tó pọ́n tàbí tó mọ́lẹ̀ sókè, ẹ fun fèrè, ẹ pe 767.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má wẹ̀ lọ sí etí ilẹ̀, bó ti wù kó dà bíi pé ó sún mọ́ tó. Ẹ di ọkọ̀ mú. Fáíbà àti igi sábà máa ń léfòó bí wọ́n bá tiẹ̀ dojú dé, ojú àwọn olùgbàlà sì máa ń tètè rí ọkọ̀ ju orí èèyàn lọ. Ẹ ka ara yín, ẹ ké orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọmọdé sí àárín.

Àbọ̀

Ẹ ti mú àkókò àbọ̀ láti alẹ́ àná. Ẹ má yí i padà torí pé ẹja tí wọ́n ń yan kò tíì jinná. Lọ́jọ́ afẹ́fẹ́, mo fara mọ́ kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀ padà kí agogo mọ́kànlá tó lù, bí omi bá sì máa yípadà ṣáájú ìgbà yẹn, kí ẹ kúrò ṣáájú kó tó yí. Bí ẹ bá pẹ́, tí omi ti ń jáde tí ìgbì ti dìde, ẹ dúró ní Tarkwa Bay títí omi yóò fi rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa sùn. Ẹ múra sílẹ̀ fún un pẹ̀lú owó àti aṣọ.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ̀yìn yín ni afẹ́fẹ́ máa wà, ọkọ̀ á dà bíi pé ó ń fò lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ara á sì máa dẹ èèyàn. Ibẹ̀ ló ti lè burú. Bí ọkọ̀ bá sáré ju ìgbì lọ, á sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀, imú rẹ̀ á kì bọ omi, ẹ̀yìn rẹ̀ á yí sí ẹ̀gbẹ́, ìgbì tó tẹ̀ lé e á sì dà á nù. Kí awakọ̀ dúró sí ẹ̀yìn ìgbì kan, kó máa bá a rìn, kó má kọjá rẹ̀. Kí àwọn tó wà níwájú sún sẹ́yìn kí imú ọkọ̀ lè fúyẹ́.

Bí ẹ bá ti dé èbúté, ẹ pe ẹni tó ń retí yín nílé kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà fúnra yín, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti tà á tààrà, kí ẹ sì gba nọ́nbà awakọ̀ tó bá ṣe dáadáa, torí pé òun ni ẹ ó kọ́kọ́ pè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn mìíràn.